A Lọ Wo Ilé Ẹrú ní Agbodrafo

A lọ, a bọ̀, Ọlọ́run sì ṣọ́ wa lálọ àti lábọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ohun tí a rí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ìdí tí a fi lọ, nítorí àríyànjiyàn ló gbé wa kúrò nílé.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ìsinmi ilé-ìwé ń sún mọ́lé, wọ́n ní àwọn fẹ́ pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè fún ọjọ́ 3, kí àwọn máa gbé bí àwọn baba wa ti gbé ní ayé ogun, kí àwọn sì fi ṣe eré. Àwọn kan á ṣe ọmọ ogun Dàhòmì, àwọn kan á ṣe ará ìlú tó sá gun òkè, àwọn kan á ṣe ẹrú tí wọ́n so lókùn lọ sí etí òkun. Àwọn tó kù á dé fìlà òyìnbó, wọn á máa fi ọtí àti ìbọn ra èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń kàwé dáadáa, sọ fún wa pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe irú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn wí.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ní Grand Portage, ní etí adágún ńlá tí à ń pè ní Superior, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, àwọn èèyàn máa ń péjọ lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ. Wọ́n á pa àgọ́ aṣọ, wọ́n á wọ ẹ̀wù ayé àtijọ́, wọ́n á dáná igi, wọ́n á sì máa ṣe bí àwọn oníṣòwò awọ onírun ti ṣe ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Awọ ẹranko kan tó ń gbé inú odò, tí wọ́n ń pè ní beaver, ni òyìnbó ń rà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ nígbà náà, wọ́n á sì fi irun rẹ̀ ṣe fìlà ní Yúróòpù. Ilé-iṣẹ́ North West Company ní ibùdó ńlá níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1803. Àwọn alárù wọn a máa gbé ẹrù 2 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 40, gba ọ̀nà igbó tó ju kìlómítà 13 lọ. Àwọn Ojibwe tó ni ilẹ̀ náà sì ń ṣe àjọ̀dún ijó tiwọn ní àkókò kan náà.

Èyí dára létí. Ṣùgbọ́n awọ ẹranko ni wọ́n ń tà ní tiwọn. Ní tiwa, èèyàn ni.

Ìbéèrè tó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ìjọ, bàbá kan lára àwọn àgbà wa dìde. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn béèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò ṣe ẹrú nínú eré yín? Bí ẹ bá fi í fún ọmọ ilé kan, àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní béèrè ìdí tó fi jẹ́ tiwọn ni ẹ mú?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Atakpamé mọ ìdí rẹ̀. Orí òkè ni ìlú wa wà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn baba wa sá sí, Ifẹ̀ àti Ewé, nígbà tí ogun ń lé wọn. Ní ayé Ghezo àti Glele, ọba Dàhòmì, àwọn ọmọ ogun Abọmẹ́ wá bá wa níbí. Àwọn tí wọ́n rí mú, wọ́n kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ìyá kan wọ ìlú yìí tí kì í ṣe pé a fi ẹ̀bùn ìdána fẹ́ wọn. Wọ́n bímọ, ọmọ wọn bímọ, gbogbo wa di ọ̀kan. Àwọn àgbà ní bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, nítorí náà a kì í tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ náà ti mú kí àwọn ọmọ wa rò pé ìtàn ìlú mìíràn ni ìtàn ẹrú.

Fadá wa kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ó ní kí a tó fàyè gba eré náà tàbí kí a tó kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tí kò fẹ́ ẹ jọ lọ sí etí òkun, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Bí ọ̀rọ̀ ti di ìrìn-àjò nìyẹn.

Láti orí òkè dé etí òkun

Ọjọ́ Sátidé ni a gbéra, àwa 23 nínú bọ́ọ̀sì kan, àgbà àti ọmọdé. Ọ̀nà láti Atakpamé dé Lomé tó nǹkan bí kìlómítà 160. Nígbà tí a kọjá ní Notsé, olùkọ́ kan tó wà pẹ̀lú wa sọ fún àwọn ọmọ bí àwọn Ewé ti ń pìtàn pé ibẹ̀ ni baba ńlá wọn ti sá mọ́ ọba Agokoli lọ́wọ́. Ọmọdé kan ní: “Ṣé gbogbo èèyàn ló sá ni?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì wa fi wákàtí díẹ̀ rìn yìí, ẹsẹ̀ ni àwọn tí wọ́n mú fi rìn ín, tàwọn ti okùn lọ́rùn.

A dé Lomé, a yà sí apá ìlà-oòrùn, a ń tọ etí òkun lọ. Agbodrafo wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí Lomé, láàárín òkun àti ọ̀sà. Orúkọ tí àwọn Potogí sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni Porto-Seguro, èyí tó túmọ̀ sí èbúté tó láàbò. Ẹ rò ó wò: ààbò fún ta ni?

Ilé tí a wá wò kì í ṣe odi, kò sì ga. Ilé gbọọrọ kan ni, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ti Bràsíl dé ń kọ́. Ọdún 1835 ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n ń pè é ní Wood Home, nítorí oníṣòwò òyìnbó kan, John Henry Wood, tó gbé inú rẹ̀. Láti ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ etí òkun. Nítorí náà òwò náà kò ṣeé ṣe ní gbangba mọ́. Ẹni tó bá wo ilé yìí láti ìta, ilé oníṣòwò lásán ni yóò rí: pálọ̀, yàrá, fèrèsé. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, abẹ́ pákó náà ni wọ́n sì ń kó èèyàn pamọ́ sí, títí ọkọ̀ yóò fi dé lóru. Títí di nǹkan bí ọdún 1852 ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kànga kan wà nínú ìlú náà tí wọ́n ń pè ní kànga àwọn tí a dè ní ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní ibẹ̀ ni a ti ń wẹ̀ wọ́n nígbà ìkẹyìn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Abẹ́ pákó

Afinimọ̀nà ṣí pákó fún wa. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lè sọ̀kalẹ̀, kò sí ipá. Ìyá àgbà kan nínú wa ní òun kò lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé: “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọwọ́ mi mú.” Ó dáhùn pé: “Rárá, ọmọ mi. Ìwọ lọ, kí o wá sọ fún mi. Ó yẹ kí ẹnì kan dúró lókè tí yóò máa pe orúkọ yín.” Ó sì dúró lókè lóòótọ́, ó ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń sọ̀kalẹ̀.

Gíga ibẹ̀ kò ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ilẹ̀ lásán ló wà nísàlẹ̀, pákó ló wà lókè. Ooru mú, òkùnkùn ṣú, olúkúlùkù ń gbọ́ èémí ẹnì kejì. Gbogbo àwa àgbà tẹ̀ ba. Nínú gbogbo wa, ọmọ ọdún 9 kan ṣoṣo ló lè dúró ṣánṣán. Ó wo ojú wa yíká, ó ní: “Ṣé àwọn ọmọdé náà wà níbí?” Afinimọ̀nà dáhùn pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pète. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ṣe oníṣòwò òyìnbó nínú eré náà kò tíì sọ̀kalẹ̀. Ó ń rìn kiri nínú pálọ̀, ó ń wo ògiri. Bàtà rẹ̀ ń dún lórí pákó, kò-kò-kò, lórí wa gan-an. Eruku ń já lé wa lórí. Ó dúró, a mọ̀ pé ó dúró. Ó tún rìn, a mọ ibi tó ń lọ. Òun kò gbọ́ nǹkan kan nípa wa. Nígbà tí òun náà sọ̀kalẹ̀, tí ẹlòmíràn sì rìn kọjá lókè, ó gbé orí sókè, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: “Èmi kò ṣe òyìnbó mọ́.”

Bàbá tó béèrè ìbéèrè ní ìpàdé ló dá a lóhùn níbẹ̀, nínú òkùnkùn. Ohun tó sọ nìyí, bí a ti rántí rẹ̀:

“Ọmọ mi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n òyìnbó yìí kò gun òkè wa rí. Èèyàn dúdú ló mú wọn, èèyàn dúdú ló dáàbò bo ọ̀nà, ọba etí òkun ló gba owó bodè. Nílé tiwa pẹ̀lú, wọ́n ra obìnrin kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú kọjá. Òun ló bí ẹni tó bí bàbá mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní n kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ní ìpàdé, nígbà tí mo béèrè ta ni yóò ṣe ẹrú, ara mi ni mò ń dáàbò bò. Bí ẹ bá máa ṣe eré yín, ẹ fún mi ní ipò náà.”

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò sọ. Láti òkè, a gbọ́ ohùn ìyá àgbà tó ń pe orúkọ wa pé ó tó, kí a gòkè wá. A gòkè.

Ilé méjì ní ọdún kan náà

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan tó kan ìgbàgbọ́ wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1839, Póòpù Gregory XVI kọ ìwé sí gbogbo Ìjọ, ó sì ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún gbogbo Kristiẹni. Ilé Agbodrafo ti pé ọdún 4 nígbà náà, òwò ibẹ̀ kò sì dúró. Àwọn tó ń ra ẹrú ní òdìkejì òkun, Kristiẹni ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn tí wọ́n rà. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Póòpù John Paul Kejì pẹ̀lú kò fi í pamọ́: ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1992, ó lọ sí ilé ẹrú tó wà ní erékùṣù Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì tọrọ ìdáríjì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà. Ní Agoué, tí kò jìnnà sí Agbodrafo, lẹ́yìn ibodè ní ilẹ̀ Benin, ìtàn Ìjọ sọ pé obìnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú ní Bràsíl, Venossa de Jesus, padà dé, ó sì kọ́ ilé àdúrà kan. Ọdún 1835 ni wọ́n sọ pé ó kọ́ ọ, ọdún kan náà tí wọ́n kọ́ ilé Agbodrafo. Ní etí òkun kan náà, ẹnì kan ń kọ́ ilé láti fi ta èèyàn, ẹni tí a ti tà sì ń kọ́ ilé láti fi yin Ọlọ́run. Kò tíì sí fadá kankan tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1861 ni àwọn fadá SMA tó dé Ouidah, ọdún 1886 ni àwọn kan nínú wọn gun òkè wá bá wa ní Atakpamé. Ní Èkó pẹ̀lú, ọkùnrin kan tó ti Bràsíl dé, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Antonio, ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ fún àdúrà kí fadá tó dé. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn Yorùbá ṣe ń pe Ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà títí di òní. Bí ẹ bá tún gbọ́ orúkọ náà, ẹ mọ̀ pé orúkọ àwọn tí a tà tí wọ́n sì padà wálé ni.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé wa délé

A jókòó sí etí òkun láti jẹun. A rò pé a ti parí ohun tí a wá ṣe. Àfi bí àwọn ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí a ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ẹnì kan á wá láti Lomé, láti Kutonu, láti Nàìjíríà tàbí láti Gabon, á ní òun ń wá ọmọbìnrin kékeré tí yóò bá òun tọ́jú ilé, òun á fi sílé-ìwé. Á fún ìyá ní aṣọ àti owó díẹ̀. Ọmọ á lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi kan, Etireno, tó gbéra ní Kutonu lọ sí Gabon, tí wọn kò jẹ́ kó gúnlẹ̀, tó sì padà wá pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Tógò wà lára wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ilẹ̀ wa ṣe òfin tó de kíkó ọmọdé ṣòwò. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sílé wa nígbà tí àlejò bá dé lálẹ́.

Ìyá kan nínú wa ti dákẹ́ láti ìgbà tí a ti jáde lábẹ́ pákó. Ó wá sọ pé ọmọ òun, ọmọ ọdún 11, ti wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ní ìlú òkèèrè fún ọdún 2. Owó ń dé nípasẹ̀ dírébà, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ìgbà Kérésìmesì. Ó ní: “Èmi kò tà á. Mo fi í ránṣẹ́ ni.” Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ta ni nínú wa tí ilé rẹ̀ mọ́ pátápátá? Ìyá àgbà fà á mọ́ra, ó ní: “Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Pe orúkọ rẹ̀ kí a gbọ́.” Ó pè é. Gbogbo wa sì pè é tẹ̀lé e.

Bí a ti ń kọ ìròyìn yìí, bàbá ọmọ náà ti lọ láti mú un bọ̀. Ìjọ dá owó ọkọ̀ fún un. Kò tíì dé. A bẹ̀ yín, ẹ fi í sínú àdúrà Rosárì yín ní alẹ́ yìí.

Ohun tí a pinnu

Nígbà tí a padà délé, àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ jọ jókòó, ìpàdé náà kò sì pẹ́. Kò ní sí àgọ́ ẹ̀rín lórí òkè. Ṣùgbọ́n eré yóò wà. Ọjọ́ 8 oṣù kejì ni a ó ṣe é, ọjọ́ Josephine Bakhita Mímọ́, ọmọ ilẹ̀ Sudan tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, tó sì di sísítà ní Ítálì. Póòpù sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní ọdún 2000, láti ọdún 2015 sì ni Ìjọ ti ń fi ọjọ́ rẹ̀ gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n ń kó ṣòwò.

Kèké ni a ó fi pín ipò fún àwọn òṣèré, kí ilé kankan má bàa rò pé a fojú sí òun lára. A kò ní fi okùn sọ́rùn ọmọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó tà á yóò wà nínú eré náà, kì í ṣe àwọn tó rà á nìkan. Bàbá wa kò fẹ́ kèké ní tirẹ̀. Ó ní òun ti mọ ipò òun, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní àwọn yóò jókòó síwájú láti wò ó. Ó ti sọ fún wọn.

Ẹ̀yin òbí wa, kí ọjọ́ náà tó pé, ohun kan ṣoṣo ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ ka àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní, àwọn tó wà nílé àti àwọn tí kò sí nílé. Ẹ pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá mọ ibi tó sùn, ẹ dìde ní òwúrọ̀ ọ̀la kí ẹ wá a lọ. Bí owó ọkọ̀ bá ń dà yín láàmú, ẹ wá bá wa lẹ́yìn Mísà.

Kí Ìyá wa Màríà, tó wá ọmọ tirẹ̀ fún ọjọ́ 3 kó tó rí i, bá wa wá tiwa. Àmín.